Àgbàṣe Òru: Ibi Tí Owó Wà Nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Ìpè Ní Orílẹ̀-èdè Filipínì

 

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí n wá là yín lọ́yẹ̀ nípa ibi tí ènìyàn lè fi owó sí nínú iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ àgbàṣe ní òkè òkun. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò kì í ṣe èyí tí ẹnu sábà máa ń dá lé níbí. Filipínì ni, orílẹ̀-èdè oní-erékùṣù 7,641 ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní 110 mílíọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti pe kọ́sítọ́mà kíà báńkì Amẹ́ríkà kan rí, tàbí ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, tí ọ̀dọ́bìnrin kan sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Manila tàbí Cebu ni ọmọ náà jókòó sí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ní New York kò fẹ́ san owó oṣù New York fún ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, tí yóò máa ṣe ìwé owó, tí yóò máa yẹ ìwé ìlera aláìsàn wò lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbé e fún àwọn tó wà ní òdìkejì ayé. Ní 2024, ènìyàn 1.82 mílíọ̀nù ló ń jẹun nídìí rẹ̀ ní Filipínì, owó tó sì mú wọlé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 38 dọ́là. Lọ́dún kan náà, gbogbo owó tí àwọn ọmọ Filipínì tó wà lẹ́yìn odi, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ òkun, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Saudi Arabia àti Hong Kong, fi ránṣẹ́ sílé láti ọwọ́ báńkì jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 34.5 dọ́là. Àwọn tó jókòó sílé ti ń mú dọ́là wọlé ju àwọn tó fi ilé sílẹ̀ lọ. Àwa tí ọmọ wa ń japa lójoojúmọ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé egungun.

Èrò mi lórí rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ènìyàn fúnra rẹ̀: ohùn rẹ̀, sùúrù rẹ̀, òru rẹ̀. Owó tó bá mú kí ẹni náà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì mọṣẹ́ sí i, ni owó tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èrè yóò tẹ̀ lé e. Èyí tó kàn ń sáré tọ iye orí tí wọ́n kà jókòó sínú ọ́fíìsì, ewu wà níbẹ̀, ewu náà sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Gbogbo ohun tí mo bá sọ títí n ó fi jókòó, orí èyí ló dúró lé.

Báwo wá ni iṣẹ́ yìí ṣe di tiwọn? Èdè ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Spéènì ní 1898, nígbà tó sì di 1901, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Thomas kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ́ wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ káàkiri àwọn erékùṣù. Ṣùgbọ́n èdè ti wà nílẹ̀ fún bí 90 ọdún kí iṣẹ́ àgbàṣe tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó, àwa náà ìbá ti jọba nídìí rẹ̀ tipẹ́. Fóònù àti iná ló dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba wa àtijọ́, ẹ ó tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, PLDT, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo fóònù Filipínì, àwọn ènìyàn a sì máa forúkọ sílẹ̀ fún láìnì, wọn a dúró fún ọdún púpọ̀ kó tó dé. Ní 1993, Ààrẹ Fidel Ramos pàṣẹ pé dandan ni kí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù so pọ̀ mọ́ra wọn. Ní 1995, òfin ṣí ọjà náà sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Àwa kò rí irú ìṣísílẹ̀ yẹn títí GSM fi dé ní August 2001. Ní ti iná, Manila ní 1992 àti 1993 dà bí ohun tí a mọ̀ bí ẹni mowó níbí: iná a máa lọ fún wákàtí mẹ́jọ, a máa lọ fún wákàtí méjìlá lójúmọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún Ramos lágbára ní 1993 láti tètè bá àwọn aládàáni tó ń pèsè iná ṣe àdéhùn. Iná dé. Owó iná náà sì wọ́n, títí dòní ó wà lára èyí tó wọ́n jù ní Éṣíà, nítorí pé àdéhùn tí ènìyàn bá fi ìkánjú ṣe kì í ní ìrọ̀rùn. Síbẹ̀ iná dé, ó sì dúró, iṣẹ́ tí kò lè fara da ìṣẹ́jú kan òkùnkùn sì rí ibi fìdí jókòó.

Òfin kan tún wà tí ọgbọ́n inú rẹ̀ wù mí gidigidi. Ní 1995 kan náà, wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ PEZA sílẹ̀, èyí tó ń bójú tó àwọn àgbègbè tí wọ́n dẹ owó-orí fún. Níbi púpọ̀ láyé, irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n yí ògiri ká, tó jìnnà sí ìlú. Ní Filipínì, ilé gogoro kan láàárín ìgboro lè gba ìwé ẹ̀rí náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò san owó-orí kankan lórí èrè fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn a máa san ìdá 5 nínú 100 dípò gbogbo owó-orí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìbílẹ̀. Ní 1999, Eastwood City tí ilé-iṣẹ́ Megaworld kọ́ sí Quezon City di èyí àkọ́kọ́ tó gbà á fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òfin yìí mú kí ọ́fíìsì wá bá àwọn ọmọ níbi tí bọ́ọ̀sì àti yunifásítì wà. Ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Accenture lónìí ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi 1992, àwọn mìíràn sì ya wá lẹ́yìn 2000. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 2010, Filipínì ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Íńdíà nínú iṣẹ́ gbígba ìpè oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìtìjú kan tó ṣe wọ́n láǹfààní. Ní ọjọ́ 4, oṣù May, ọdún 2000, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó gbé orúkọ ìfẹ́ rìn, ILOVEYOU, jáde láti Manila, ó sì ba fáìlì jẹ́ lórí àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Nígbà tí àwọn agbófinró mú ẹni tí wọ́n fura sí, wọn kò rí òfin tí wọ́n lè fi bá a ṣẹjọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe òfin ìṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2012 wọ́n sì ṣe òfin tó dáàbò bo dátà aráàlú. Olùdókòwò kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Ilé ìwòsàn kan ní Texas tó fẹ́ gbé ìwé àwọn aláìsàn rẹ̀ fún àjèjì, òfin tí yóò dì mú bí ìwé náà bá jò ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń polówó ìdókòwò kì í dé.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní New York, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ ló jẹ́ ní Manila. Òru ni ọjà ń kún. Ọmọ náà a wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn yòókù ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. A jẹun ọ̀sán ní aago méjì òru ní ilé oúnjẹ tó ṣílẹ̀kùn nítorí tirẹ̀. A padà sílé nígbà tí oòrùn ti là, nínú ariwo ìlú, láti wá oorun. Òfin iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n fi ìdá 10 nínú 100 kún owó wákàtí tó bá bọ́ sí àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Àṣẹ kan láti 1975 tún mú un ní dandan kí òṣìṣẹ́ gba owó oṣù kẹtàlá kí ọdún tó parí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin àtijọ́ fi sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ òru àfi bí ìjọba bá yọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ nídìí ìpè. Ọdún 2011 ni wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́, tí wọ́n sì fi èyí tó kan ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ òru rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ a lọ. Ẹlòmíràn a lọ sí ilé gogoro tó kọjú sí ti tẹ́lẹ̀ nítorí owó díẹ̀ tí wọ́n fi lé e. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ilé-iṣẹ́ sì fi kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń bá ará Amẹ́ríkà tó ń bínú sọ̀rọ̀, bí ìwé àdéhùn ìbánigbófò ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Gbogbo owó yẹn bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ilé-iṣẹ́ àgbàṣe wá bá yín pé kí ẹ ra ìpín, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ iye òṣìṣẹ́ sí, kí ẹ sì bi í pé: nínú àwọn tí ẹ gbà ní èṣí, mélòó ló ṣì wà lónìí? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ sílé.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ inú gbọ̀ngàn yìí fi etí sí gbólóhùn kan. Agogo Èkó àti ti London kì í yàtọ̀ síra ju wákàtí kan lọ, nígbà mìíràn wọ́n dọ́gba. Manila fi wákàtí méje tàbí mẹ́jọ ṣáájú London. Ohun tí ọmọ Filipínì ń fi oorun rẹ̀ ṣe fún ará Britain, ọmọ Ìbàdàn lè ṣe é ní ojúmọmọ. Mi ò ní fà á gùn, nítorí kì í ṣe ohun tí ẹ pè mí fún nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò lè rí i kí n sì dákẹ́.

Ó yá, owó dà? Ọ̀nà mélòó kan ló wà, wọn kò sì dọ́gba lójú mi.

Èyí tó ń wuni jù ni kí ènìyàn ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ àgbàṣe ńlá lọ́jà Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù. Ẹ wo TaskUs, tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì ará Amẹ́ríkà, Bryce Maddock àti Jaspar Weir, dá sílẹ̀ ní 2008, tí púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Filipínì. Ní June 2021 wọ́n gbé ìpín rẹ̀ sọ́jà Nasdaq ní 23 dọ́là. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fìgbà kan ju 80 dọ́là lọ. Ní 2025, àwọn tó dá a sílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Blackstone ní àwọn fẹ́ ra gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ aráyé ní 16.50 dọ́là, àwọn onípìn-ín yòókù kọ̀ jálẹ̀ ní October. Bẹ́ẹ̀, láàárín àkókò yẹn, owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà kò dín: ó kúrò ní nǹkan bíi 760 mílíọ̀nù dọ́là ní 2021, ó di nǹkan bíi 995 mílíọ̀nù ní 2024. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, iye ìpín sì já wálẹ̀. Ẹni tó fi owó ẹgbẹ́ rà á ní 80 dọ́là, kí ni yóò sọ níwájú yín? Ìbẹ̀rù ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI, ló pọ̀ nínú ohun tó fà á. N ó padà sórí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ilé. Láti 2009 ni òfin ti wà pé kí ilé-iṣẹ́ kan lè kó ilé ọ́fíìsì jọ, kí gbogbo ayé sì ra ìpín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó-orí dá a dúró títí di 2020, nígbà tí AREIT, ti ìdílé oníṣòwò Ayala, kọ́kọ́ wọ ọjà ìpín ìdókòwò Filipínì ní August. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e lọ́dún kejì, bíi MREIT ti Megaworld. Òfin ní kí wọ́n pín ó kéré tán ìdá 90 nínú 100 èrè tó ṣeé pín fún àwọn onípìn-ín. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ti ibẹ̀ wọlé, kí ó sì máa gba tirẹ̀ nínú owó ilé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpè ń san. Ẹgbẹ́ bíi tiyín lè gbé èyí yẹ̀ wò láìfi ohun gbogbo sínú ewu.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn mú yín lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, àwọn òṣìṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé. Ní 2022, ìjọba ní dandan kí wọ́n padà sí ọ́fíìsì kí ilé-iṣẹ́ wọn má bàa pàdánù ìdẹ̀rùn owó-orí; ariwo sọ gan-an, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì yí ìforúkọsílẹ̀ wọn padà kúrò lábẹ́ PEZA. Nígbà tó di November 2024, òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní CREATE MORE gbà pé kí tó ìdajì òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Inú àwọn ọmọ dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìrìnnà Manila le ju ti Èkó nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilé ọ́fíìsì mọ̀ pé àwọn àga kan kò ní rí ẹni jókòó lé wọn mọ́. Lọ́dún kan náà, Ààrẹ Ferdinand Marcos kékeré kéde nínú July pé òun ti fòfin de àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta fún àwọn ará òkèèrè, nítorí ìwà jìbìtì àti fífi ènìyàn ṣòwò ẹrú tí wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló gba ilé púpọ̀ ní etí òkun Pasay àti Parañaque. Wọ́n kó jáde. Lópin ọdún náà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo àyè ọ́fíìsì Manila ńlá ló ṣófo. Ẹ wo ẹni tó ń gbé ilé náà, kí ẹ tó wo ilé náà.

Ibi tí ọkàn mi fà sí jù ni àwọn ìlú tí kì í ṣe Manila.

Bacolod wà ní erékùṣù Negros. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ láti ayé àwọn ará Spéènì: àwọn ìdílé díẹ̀ ló ni ilẹ̀ ìrèké, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gé e fún wọn. Nígbà tí iye ṣúgà já wálẹ̀ lọ́jà ayé ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn olóko kò gbin nǹkan mọ́, àwọn tó ń gé ìrèké kò sì ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi gbin oúnjẹ. Ebi pa àwọn ọmọdé níbẹ̀ débi pé àwòrán wọn dé gbogbo ayé. Ní ìlú yẹn kan náà lónìí, àwọn ọmọ tí òbí wọn àgbà gé ìrèké ń gba ìpè láti Amẹ́ríkà, owó oṣù wọn sì ń kọ́ ilé sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Iloilo tó kọjú sí i lódìkejì omi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dumaguete, tó wà ní erékùṣù Negros kan náà, kéré, ṣùgbọ́n yunifásítì Silliman ti wà níbẹ̀ láti 1901, àwọn tó mọ ìwé kò sì wọ́n níbẹ̀. Ní 2020, ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà, IBPAP, jọ mú ìlú 25 lẹ́yìn Manila láti múra wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Kí ló dé tí mo fi yan ibẹ̀? Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú rẹ̀, tó ń sùn nílé ìyá rẹ̀, tí kò fi wákàtí mẹ́ta jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kì í tètè kúrò. Owó ilé rẹ̀ kéré, oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, bí owó oṣù rẹ̀ bá tilẹ̀ dín díẹ̀ sí ti Manila, èyí tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ọmọ Manila lọ. Ilé-iṣẹ́ ń jèrè, òun náà ń jèrè. Ẹni tó bá ní owó níwọ̀nba lè kọ́ ilé ìgbé fún òṣìṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ṣẹ́, ọkọ̀ tó ń kó wọn lóru, ilé ìtọ́jú ọmọ tó ń ṣílẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò hàn nínú ìwé ìròyìn òwò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àìní gidi wà, àwọn tó ń san owó fún un sì ń gba owó oṣù déédéé.

Ìmọ̀ ìlera ni ẹ̀ka iṣẹ́ tí mo lè fi tirẹ̀ ṣáájú. Filipínì máa ń kọ́ nọ́ọ̀sì ju èyí tí àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ lè sanwó fún dáadáa. Púpọ̀ ti ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ń dúró de físà. Àwọn ilé-iṣẹ́ àgbàṣe wá gbà wọ́n láti máa yẹ ẹ̀sùn ìbánigbófò wò, láti máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, láti máa to ìwé ìtọ́jú. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ lè tètè rọ́pò, iye tí oníbàárà sì ń san lórí rẹ̀ ju ti ẹni tó ń dáhùn ìpè pé ẹrù mi kò tíì dé.

Èyí ló gbé mi dé orí AI. Ní February 2024, ilé-iṣẹ́ owó Klarna ní Sweden kéde pé ẹ̀rọ AI òun ń ṣe iṣẹ́ tí 700 òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́mà kíà ìbá ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpín Teleperformance, tó wà lára àwọn tó gba òṣìṣẹ́ jù ní Filipínì, já wálẹ̀ lọ́jà Paris. Ní 2025, ọ̀gá Klarna fúnra rẹ̀, Sebastian Siemiatkowski, jáde sọ pé àwọn ti fi ìdínkù owó ṣáájú jù, iṣẹ́ kò dára tó bó ṣe yẹ, àwọn sì tún ń wá ènìyàn gbà. Ọ̀nà méjèèjì ni mo gbà gbọ́. Ìpè tí kò ju pé kí ènìyàn yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tàbí kí ó béèrè iye tó kù sínú àkáǹtì rẹ̀, ti ń lọ, kò sì ní padà. Ìpè ìyá tí ilé ìbánigbófò kọ̀ láti sanwó oògùn ọmọ rẹ̀, ènìyàn ni yóò máa gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. IBPAP ti fi ojú sọ́nà fún 2.5 mílíọ̀nù òṣìṣẹ́ àti bílíọ̀nù 59 dọ́là ní 2028. Bí ó bá jẹ́ èmi, owó tí wọ́n fojú sun yẹn ni n ó máa ṣọ́, kì í ṣe iye orí. Bí orí bá ń pọ̀ tí owó orí kọ̀ọ̀kan kò sì ga sí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa gbà ni wọ́n ṣì ń kó jọ.

Ní ti okùn íntánẹ́ẹ̀tì àti ilé tí wọ́n ń kó dátà pamọ́ sí, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láti March 2022 ni òfin ti gbà kí àjèjì lè ni gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù tán, ohun tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 2025, òfin tí wọ́n ń pè ní Konektadong Pinoy tún dín ìwé àṣẹ kù fún ẹni tó bá fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn máa fọkàn sí i.

Ewu ilẹ̀ náà kò farasin. Ní ọjọ́ 26, oṣù December, 2006, ìmìtìtì ilẹ̀ lábẹ́ òkun nítòsí Taiwan já àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìpè sì dojú rú káàkiri. Ní December 2021, ìjì líle tí wọ́n pè ní Odette wó Cebu lulẹ̀, iná kò sì padà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níbi kan. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì ní ìlú méjì tàbí mẹ́ta ní erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé iṣẹ́ kúrò níbì kan sí ibòmíràn. Èyí tó kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan kò rí ibi gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa òfin kí n tó gba ìbéèrè. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1987 kò gbà kí àjèjì ra ilẹ̀. Ẹ lè yá a. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 sì sọ ọ́ di tó ọdún 99. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò ra ilẹ̀ lórúkọ ọmọ ìlú kan fún yín, kí ẹ gbé owó yín kúrò níwájú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta iṣẹ́ rẹ̀ fún òkèèrè, àjèjì lè ni ín tán pátápátá, kò sì nílò 200,000 dọ́là tí wọ́n sábà ń béèrè lọ́wọ́ àjèjì tó fẹ́ tajà láàárín ìlú. Àǹfààní ńlá ni ìyẹn fún ẹgbẹ́ kékeré tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ olóṣìṣẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n sílẹ̀ ní Iloilo pẹ̀lú ọmọ ìlú tó mọ iṣẹ́ náà.

Èyí tí àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni kí wọ́n fi owó tí wọ́n mú wọlé hàn báńkì àpapọ̀ wọn, Bangko Sentral ng Pilipinas, kí wọ́n sì gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìwé yẹn ni báńkì ibẹ̀ yóò béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra dọ́là láti kó èrè tàbí owó yín jáde. Ẹ gbà á lọ́sẹ̀ tí owó bá wọlé, kí ẹ tó gba òṣìṣẹ́ kan.